Àbímọ́ ni àbí àpá? Bí a ṣe ń dá àṣìṣe ilé ìrọwó mọ̀ yàtọ̀ sí ìfarapa lára owó onírin àtijọ́

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó di nǹkan sínú bébà, ó di bébà sínú ọ̀rá, ó tún ki ọ̀rá bọ àpò ṣòkòtò. “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n mú un wá bá.” Nígbà tó tú u tán, kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó ni, tí etí rẹ̀ kan jẹ wọnú bí ẹni pé eku ló gé e jẹ. Ó ní òun rí i lórí fóònù pé owó tí ilé ìrọwó bá ṣì rọ lè ra mọ́tò. Mo fi awò sójú, mo yí owó náà lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a padà fún un. “Ọmọ mi, ayùn ló jẹ ẹ́.”

Aago ni mo ń tún ṣe. Nígbà tí fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago, awò tí mo fi ń wo inú aago náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo owó àtijọ́. Láti ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnìkan má gbé kóló ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́ mọ̀: ṣé bí wọ́n ṣe bí i nìyí, àbí ayé ló ṣe é? Ohun kan ṣoṣo lèmi náà ń bi owó náà: irin tó yẹ kó wà níbí, ibo ló lọ? Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, abẹ́ ìbéèrè yẹn ló wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bí i

Ẹ rántí bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe mítípáì. Wọ́n á yí ìyẹ̀fun pípò fẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á fi ẹnu ife gé e ní róbótó róbótó. Ilé ìrọwó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ á tẹ irin di pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ mìíràn á gé e sí róbótó. Róbótó yìí, tí kò tíì ní àwòrán kankan, ni mo ń pè ní òfìfo. Wọ́n á ká etí òfìfo sókè díẹ̀. Tó bá jẹ́ owó oníhò, ìgbà tó ṣì jẹ́ òfìfo yìí ni wọ́n ti ń lu ihò náà. Lẹ́yìn èyí ni òfìfo á bọ́ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, tí òrùka irin líle sì yí i ká kó má bàa fẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Òǹtẹ̀ á lù ú lẹ́ẹ̀kan, àwòrán á hàn lójú méjèèjì, òfìfo á di owó, á já sínú agbọ̀n.

Bó ti já sínú agbọ̀n yẹn, ìbí parí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i ṣáájú ìgbà yẹn, àbímọ́ ni. Ohun tó bá ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, àpá ni, kódà bó jẹ́ inú ilé ìrọwó kan náà ni ẹ̀rọ tó ń ka owó ti fi eyín họ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ má fọ̀ ọ́

Mo ti fọ ọ̀kan rí. Ṣílè fàdákà ọdún 1913 kan tí ìyá bàbá mi fi pamọ́ sídìí àpótí ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bò ó mọ́jú, mo fi kànrìnkàn ha á láàárọ̀. Ó dán gbinrin. Ẹni tó ti ṣèlérí láti rà á gbé e sójú iná, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. “Ẹ ti pa á,” ló wí. Ohun tó dúdú yẹn ni awọ rẹ̀, mo sì ti bó o. Yàtọ̀ sí owó tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ìlà tí kànrìnkàn fà sí i lára bo gbogbo àmì kéékèèké tí mi ò bá fi mọ̀ bóyá nǹkan àbímọ́ kan wà lára rẹ̀.

Tó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ ló bò ó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ lásán fún ọjọ́ kan, kí ẹ fi òwú tẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má nù ún. Etí ni kí ẹ ti máa dì í mú, kì í ṣe ojú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìran rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá bí àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe rárá, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí ló rí. Ẹni tí kò mọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí ò lè sọ pé àbúrò yàtọ̀.

Nínú kóló àwọn àgbà wa, owó ayé òyìnbó ló máa ń pọ̀ jù: onínì, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀, eépìnnì, tó jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀, tọ́rọ́, tó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì, tó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà, ṣílè, tó jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá, àti ṣílè méjì alódidi. Onínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ ló ní ihò láàárín. Ọdún 1907 ni owó oníhò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nǹkan bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Òṣogbo. Onínì 1907 àti èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1908, alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ilẹ̀ olóoru àti òjò wa ò bá a lára mu, nítorí náà ní 1908 kan náà ni wọ́n bọ́ sórí àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Bí onínì 1907 yín bá fúyẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ṣì í rọ.

Àwọn oníhò ìbẹ̀rẹ̀ yìí kọ NIGERIA mọ́ BRITISH WEST AFRICA. Láti 1912, wọ́n yọ NIGERIA kúrò, nítorí owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Góòlù Kóòsì, Sàró àti Gáḿbíà. Mo ti rí ẹni tó gbé kọ́bọ̀ 1919 wá pé òǹtẹ̀ gbàgbé láti tẹ NIGERIA. Òǹtẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó yí ihò ká náà ń da àwọn kan láàmú, wọ́n ní ti àwọn Júù ni, pé ilé ìrọwó ló ṣì í gbé wá. Wọn ò ṣì í, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ni.

Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù ni ti 1936. Edward Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gorí oyè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dé e ládé. Àwọn owó oníhò wa kì í ní orí ọba, orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ, nítorí náà wọn ò dúró de àwòrán kankan kí wọ́n tó rọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọba tí kò dádé fi wà lára kọ́bọ̀ inú kóló ìyá yín. Ó dùn láti ní, àmọ́ kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n sì rọ ọ́ púpọ̀.

Ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. H ni ti ilé Heaton ní Birmingham, KN ni ti King's Norton, SA ni ti Pretoria ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Àwọn tí London rọ kì í ní lẹ́tà. Ẹni tí kò bá rí H lára tirẹ̀, kó má tíì pariwo pé òǹtẹ̀ dí.

Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì jẹ́ fàdákà láti 1913. Láti 1920 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di idẹ. Ṣílè idẹ yìí ló máa ń pupa ràkọ̀ràkọ̀ tí wọ́n á gbé wá pé góòlù ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òṣùwọ̀n àti òòfà

Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣílè fàdákà yẹ kó wọn gíráàmù 5.66, ṣílè méjì 11.31, sísì 2.83. Ọwọ́ tó ti ń ná an láti ọdún pípẹ́ á ti fá díẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn kò burú. Àmọ́ bí ṣílè bá wọn gíráàmù 4.8, irin ti kúrò, a sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó lọ.

Òfìfo lè fẹ́lẹ́ láti ìbí. Irin inú rẹ̀ ò ní tó kún òǹtẹ̀, nítorí náà àwọn ibi tó yẹ kó ga jù lọ ni kò ní hàn dáadáa, ojú rẹ̀ yòókù á sì mọ́ bí ojú owó. Ásíìdì bátìrì ò mọ gíga, kò mọ ìsàlẹ̀. Gbogbo ojú ló máa ń jẹ. Owó tí ásíìdì jẹ máa ń rí bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi: lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n wọ́n tín-ín-rín, etí wọn ti yọ́, ilẹ̀ ojú owó náà sì rí kúrúkúrú.

Òòfà ò wọ́n, ẹ lè yọ ọ́ lára sípíkà rédíò tó ti kú. Owó 1973, èyí tí náírà àti kọ́bọ̀ tuntun fi bẹ̀rẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú àwọn ti 1991, náírà kan tó ní Herbert Macaulay lára àti àádọ́ta kọ́bọ̀ alágbàdo, irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni, wọ́n á fò mọ́ ọn. Bí ti 1973 bá fò mọ́ òòfà, tàbí ti 1991 bá kọ̀, ẹ gbé e sọ́tọ̀, ẹ má sì ná an. Ó lè jẹ́ ayédèrú, ó lè jẹ́ òfìfo owó ibòmíràn tó ṣèèṣì bọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé ó yọ síta ni, àbí ó jin wọlé?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó bá jin lára òǹtẹ̀ ló máa ń ga lára owó. Nítorí náà bí òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ bá sán, irin á sá wọ ojú sísán yẹn, ìlà tó máa wà lára owó á yọ síta. Kò sí ohun tí ẹ lè fi họ owó tí ìlà á fi yọ síta. Ìhọ máa ń jin ni, irin tó sì kúrò nínú rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ebè, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ́ kọ.

Kọ́bọ̀ 1973 kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lójú lásán, ẹ lè rò pé irun orí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, irun náà bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó gun orí lẹ́tà kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ títí ó fi parẹ́. Kò já níbì kankan. Kò sí ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ga lórí lẹ́tà ló ga lórí ilẹ̀. Òǹtẹ̀ tó sán nìyẹn.

Ojú lè tanni níbi yìí, àgàgà tó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí iná náà wà nílẹ̀. Ohun tó yọ síta máa ń sọ òjìji rẹ̀ sí ẹ̀yìn, lódìkejì iná. Ohun tó jin, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iná ni òkùnkùn rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá fi fọ́tò ránṣẹ́ láì sọ ibi tí iná ti wá, mi ò kì í dá a lóhùn.

Nígbà mìíràn òǹtẹ̀ á ya ní etí pátápátá, irin á kún ibẹ̀ bí ìwúkùwú tí kò ní àwòrán. Ẹ yí owó náà, kí ẹ wo ọgangan ibẹ̀ lójú kejì: àwòrán ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí irin tó yẹ kó gbé e ti sá lọ sínú ihò òdìkejì. Òjé tí wọ́n jó lé owó lórí náà máa ń wú, àmọ́ ojú kejì rẹ̀ á dúró digbí, ẹ sì máa ń rí ìyókù lẹ́tà lábẹ́ òjé.

Òǹtẹ̀ méjì tún lè gbá ara wọn láìsí òfìfo láàárín. Owó tí wọ́n bá rọ lẹ́yìn ìyẹn á ní òjìji àwòrán ojú kejì lórí ilẹ̀ ojú kìn-ín-ní, bí ìwé tí yíǹkì rẹ̀ là kọjá.

Lẹ́tà tí kò sí ńkọ́? Bí gíríìsì bá dí lẹ́tà kan lára òǹtẹ̀, lẹ́tà yẹn á sọnù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì á mú ṣáṣá, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì tẹ́jú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ha á ni, ilẹ̀ ibẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìlà fáìlì á sì hàn lójú awò.

Àfi kan wà o. Òwú, okùn wáyà tàbí èérún irin lè bọ́ sáàárín òfìfo àti òǹtẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lù ú. Àmì rẹ̀ máa ń jin, síbẹ̀ àbímọ́ ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í ní ebè. Nǹkan kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n wa irin kúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: etí tí wọ́n gé jẹ

Ẹ padà sí mítípáì. Bí obìnrin náà bá gbé ife sórí ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀, èyí tó máa gé jáde á ní ojú tí nǹkan gé jẹ, ojú náà á sì tẹ̀ bí ẹnu ife. Bẹ́ẹ̀ ni òfìfo ṣe ń ní ẹnu jíjẹ. Ìdí nìyẹn tí àbímọ́ fi máa ń tẹ̀ bí ọwọ́ òṣùpá, tí títẹ̀ rẹ̀ bá ti etí owó fúnra rẹ̀ mu. Ẹ lè gbé owó irú rẹ̀ kan lé e láti wò ó. Bó bá jẹ́ ìkángun pátákó irin ni wọ́n gé dé, ẹnu jíjẹ náà á gún gbọọrọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹ́tà tó sún mọ́ ọn. Ìgbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, ẹnu jíjẹ ti wà níbẹ̀, nítorí náà irin ń sá lọ síbi tí kò sí ohun tó dá a dúró. Lẹ́tà ibẹ̀ á nà, á sì máa rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu jíjẹ. Lábẹ́ ayùn, lẹ́tà tó ti parí ni wọ́n gé sí méjì: ìdajì tó kù á mú ṣáṣá títí dé ibi tí ayùn ti kọjá, bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ là.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: ẹ wo etí òdìkejì ẹnu jíjẹ náà gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ká etí òfìfo sókè, ó nílò kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún un. Níbi tí wọ́n ti gé jẹ, kò sí nǹkan tó máa tì í padà, nítorí náà etí òdìkejì náà kì í ká dáadáa. Ó máa ń rẹlẹ̀, ó sì máa ń ṣe pẹ̀lẹ́bẹ́. Blakesley ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń pe àmì yìí. Kì í hàn lára gbogbo owó, bí kò bá sì sí, ẹ má tíì dájọ́. Àmọ́ bó bá wà, ayùn kankan ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kọ́bọ̀ ọmọkùnrin yẹn ní etí tó ga rekete lódìkejì. Lẹ́tà méjì tó sún mọ́ ẹnu jíjẹ mú bí abẹ. Nínú ẹnu jíjẹ náà, ìlà fáìlì tò bí ilà ojú.

Ihò

Mi ò mọ ilé kan ní Òṣogbo tí kọ́bọ̀ oníhò ò ti ṣiṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí owó. Wọ́n fi ṣe wọ́ṣà nídìí ìṣó páànù, wọ́n sín in mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé, wọ́n fi dè ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ. Nítorí náà ihò tó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì gùn bí ẹyin, okùn tàbí ìṣó ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò tó ní gbágungbàgun lẹ́nu.

Ihò tó ṣàì wà láàárín láti ìbí dá yàtọ̀. Yíyípo rẹ̀ ṣì pé, títóbi rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ẹnu rẹ̀ sì mọ́ lójú méjèèjì. Ó kàn sún ni. Ọ̀ṣọ́ tó yí i ká á fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò á sì jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nítorí pé wọ́n ti lu ihò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, àwòrán tó dé ẹnu ihò máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀ síbẹ̀, kì í já gẹ̀ẹ́rẹ́.

Bí wọ́n bá gbé kọ́bọ̀ tí kò ní ihò rárá wá, ẹ kọ́kọ́ rò pé wọ́n dí i ni. Ẹ wá ìlà róbótó tó tín-ín-rín bí irun yí àárín rẹ̀ ká. Ẹ wo àwọ̀ àárín mọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá jù ú sórí tábìlì pákó pẹ̀lú kọ́bọ̀ gidi kan: èyí tí wọ́n dí máa ń dún kú.

Ṣílè ò ní ihò rí. Èyí tó bá ní in, alágbẹ̀dẹ wúrà ló lu ú fún ẹ̀gbà ọrùn. Èmi fẹ́ràn irú rẹ̀, torí ó ń sọ ìtàn obìnrin kan, àmọ́ owó rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Lẹ́tà méjì-méjì

Bó bá jẹ́ pé òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní àwòrán méjì, lẹ́tà kejì á ga bíi ti àkọ́kọ́, orí rẹ̀ á yípo, ìpẹ̀kun lẹ́tà á sì là bí ahọ́n ejò. Èyí níye lórí. Bó bá jẹ́ pé òǹtẹ̀ kàn mì tìtì lórí owó nígbà tó ń gbéra, lẹ́tà kejì á ṣe pẹlẹbẹ bí àtẹ̀gùn kékeré, á sì gé lára ìbú lẹ́tà gidi. Ìyẹn kì í ṣe àpá, kì í sì í ṣe ọrọ̀. Ilé ìrọwó ni wọ́n ti ṣe é lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa sanwó fún un.

Èyí tó fẹ̀, àti èyí tí ojú irin tẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá ní Òṣogbo bí ẹni tó ń dé ilé bàbá rẹ̀, kò sí ọmọ tó ń gbé nítòsí ojú irin tí kò gbé kọ́bọ̀ lé irin rí. Èmi náà gbé e. Ọkọ̀ á kọjá, a ó sáré, a ó sì wá owó tó gbóná nínú òkúta. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wa ń rí wọn nínú kóló, wọ́n ń pè wọ́n ní àṣìṣe.

Owó tí òrùka irin ò mú nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ máa ń fẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ó máa ń fẹ̀ yíká, àwòrán àárín rẹ̀ á pé, á sì mú, etí nìkan ló máa tẹ́rẹ pẹrẹsẹ. Ti ojú irin máa ń gùn sí apá kan, bí ewé dọ́ńgóyárò. Lẹ́tà á nà bí ọ̀dà, ọ̀pẹ tó wà lára ṣílè á sanra, á sì kúrú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n lè wọn iye kan náà, torí náà òṣùwọ̀n nìkan ò ní gbà yín níbí. Ojú àwòrán ni kí ẹ wò.

Bí àwòrán bá sún kúrò láàárín tí ó fi ilẹ̀ òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ òfìfo yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí òǹtẹ̀ ò fọwọ́ kàn rí. Bí ẹ bá rí òjìji lẹ́tà tí wọ́n ti ha kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ha á ni.

Àwòrán òdì, àti owó mi tó lọ

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógún náírà ni mo fi ra èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ má bàa san tiyín.

Nígbà mìíràn owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ á lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ kan, kò ní já sínú agbọ̀n. Òfìfo tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ojú owó yẹn ló máa tẹ̀ ẹ́. Owó tó jáde á ní àwòrán gidi lójú kan. Lójú kejì, á ní àwòrán kan náà yẹn, ṣùgbọ́n ní òdì, á sì jin wọlé, bí àmì òǹtẹ̀ lórí àtẹ́ òdà. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì lówó lórí.

Ọkùnrin kan mú ṣílè idẹ wá, ojú kan rẹ̀ gidi, ojú kejì ní lẹ́tà òdì tó jin. Ọkàn mi fò. Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná mànàmáná ò sí, mo sì sanwó. Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn, mo rí i pé láàárín àwọn lẹ́tà òdì yẹn, ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ti fẹ̀. Ojú owó náà ti ní àwòrán tirẹ̀ kí lẹ́tà òdì tó dé. Wọ́n fi ṣílè méjì kọjú síra nínú fáìsì mẹkáníìkì, wọ́n sì fún un. Lẹ́tà òdì rẹ̀ náà ò pé: kìkì àwọn ibi tó ga jù lọ lára owó kejì ló hàn.

Nítorí náà, lójú tí òdì wà, ẹ wá àwòrán àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá rí bínńtín rẹ̀, fáìsì ni. Ẹ má sì ra owó kankan lálẹ́.

Àwọn tí a lè tètè kọjá

Àwọ̀ kì í sábà jẹ́ àṣìṣe. Àwọ̀ ewé lára bàbà, ìpẹtà lábẹ́ níkẹ́ẹ̀lì owó 1991 tó ń wú bí rorẹ́, dúdú lára fàdákà, ilẹ̀ àti òjò ni wọ́n ti wá. Iná máa ń mú kí ojú owó hó. Náírà méjì tuntun tí àárín rẹ̀ ti bọ́, wọ́n fi ìṣó lù ú jáde ni nígbà tó pọ̀ jù, ẹ wá ojú ìṣó lára rẹ̀.

Owó tí àwọn ènìyàn jù sínú odò Ọ̀ṣun lásìkò ọdún, omi máa ń jẹ ẹ́ bí ásíìdì. Ẹ má mú un wá bá mi. Ti Yèyé ni.

Ayédèrú ṣílè idẹ wà nígbà ayé òyìnbó, ó sì wà nínú kóló lónìí. Yíyọ́ ni wọ́n yọ́ ọ, wọn ò lù ú: ojú rẹ̀ á ní ihò kéékèèké bí àkàrà, etí rẹ̀ á ní ojú ìpàdé. Kì í ṣe àbímọ́ bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àpá, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dájọ́

Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì àti etí, nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, pẹ̀lú owó gidi irú rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọdún, lẹ́tà ilé ìrọwó, ìwọ̀n, àti ìdáhùn òòfà sára bébà, kí ẹ sì di í mọ́ owó náà. Ẹ má fi sínú ọ̀rá rírọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ owó di aláwọ̀ ewé bó pẹ́. Àwọn ilé àyẹ̀wò bíi PCGS àti NGC wà ní Amẹ́ríkà, àmọ́ owó ìfiránṣẹ́ wọn ju iye ọ̀pọ̀ owó wa lọ, bó bá sì jẹ́ àpá ni, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àpá ni. Èmi ò ní rán kọ́bọ̀ kankan lọ síbẹ̀ àfi bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ti wà nílẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn padà wá lánàá. Ó gbé ìyókù kóló wá nínú agolo mílíìkì: kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlógójì, eépìnnì mẹ́fà, àti onínì kan tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ihò ọ̀kan nínú àwọn kọ́bọ̀ náà sún sí apá òsì, ẹnu rẹ̀ mọ́ lójú méjèèjì. Mo ní kó jókòó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ni.